Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: “Mo gba gúgúrú lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé mo jẹ̀bi?”

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìsọ̀ mi ní Ìtòkú ni mo ti máa ń ka ojú ewé yín bí ọjà bá dá. Adìrẹ ni mò ń ṣe, òun náà ni mò ń tà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mo wà nílé ọkọ, mo sì bí ọmọ méjì. Obìnrin ni àkọ́bí mi, yóò pé ọmọ ọdún 9 lóṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọ ọdún 9, ilé oníyàrá mẹ́wàá kan là ń gbé lọ́nà Adátán, tí gbogbo yàrá kọjú síra. Arákùnrin kan ń gbé yàrá tó sún mọ́ ibi ìdáná. Bọ̀ọ̀dá la máa ń pè é. Òun ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó sì máa ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún wa. Ó ṣe ohun tí kò yẹ kí àgbà ṣe sí ọmọdé sí mi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo sọ fún màmá mi nílé ìdáná. Ata ni wọ́n ń lọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ yẹn bò mí lẹ́nu, wọ́n ní, “Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Ta ni yóò fẹ́ ọ?” Ata ta mí létè, mo bú sẹ́kún. Ata yẹn ni wọ́n bá mi fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ti di ẹni ńlá báyìí. Òun ló san owó WAEC àbúrò mi ọkùnrin, òun náà ló dúró tì wá nígbà tí bàbá wa kú. Ìrántí ọdún 10 bàbá wa ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá, màmá mi sì ti fi í ṣe alága. Wọ́n ti fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́: yáàdì 5 fún mi, yáàdì 3 fún ọmọ mi. Wọ́n ní ọmọ mi ni yóò kúnlẹ̀ kí alága káàbọ̀. Láti ọjọ́ tí aṣọ yẹn ti wọlé ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí n ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò aró, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi má baà rí i.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé èmi náà jẹ̀bi díẹ̀? Mo gba gúgúrú yẹn. Mo tún padà lọ síbẹ̀. Mi ò pariwo. Ọkọ mi ò mọ̀ rárá. Ṣé kí n sọ fún un? Ṣé kí n lọ sí òde yẹn? Màmá mi ní kí n dárí jì í, pé ó ti pẹ́.

Aláró, Ìtòkú

ÌDÁHÙN

Aláró, ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí o fi há àárín: “díẹ̀”. Òun ni n ó kọ́kọ́ bá jà.

Kò sí díẹ̀ níbẹ̀. O ò jẹ̀bi rárá. Ọmọ ọdún 9 tó gba gúgúrú lọ́wọ́ àgbàlagbà, gúgúrú ló gbà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan. Ṣé bí mo bá wá kí yín nílé lónìí, tí mo na gúgúrú sí ọmọ rẹ, kò ní gbà á ni? Nígbà tó bá sùn lálẹ́ òní, gbé àtùpà sún mọ́ ọn, kí o wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Wo bó ti tó. Bí ọwọ́ tìrẹ náà ti tó nìyẹn. Mo ń sọ èyí nítorí mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ obìnrin: bí wọ́n bá rántí ara wọn lọ́jọ́ yẹn, àgbàlagbà ni wọ́n máa ń rí. Wọ́n á ní “ó yẹ kí n ti mọ̀”, bíi pé ọgbọ́n ọdún 34 ni wọ́n gbé wọ yàrá yẹn. Ọmọ tó ń fi ìka ka ìṣirò ló wọlé.

O ní o padà lọ. Ta ló kọ́ ọmọ Yorùbá láti sọ “rárá” fún àgbà? Bí Bọ̀ọ̀dá bá pè, a ní kí o jẹ́, kí o sáré lọ, kí o kúnlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ẹni burúkú ló mú un ṣe okùn. Òun náà ló ń bá ọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé, báwo ni o ò ṣe ní padà lọ? Ẹni tí o sọ fún sì ti bò ọ́ lẹ́nu.

O tún ní o ò pariwo. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ojú ewé yìí gbọ́ èyí dáadáa, torí ẹnu àwọn agbófinró kan pàápàá ni mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn: “Kí ló dé tí kò ké?” Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn ju agbára rẹ̀ lọ, ara lè jà, ó lè sá, ó sì lè dì gbagidi. Ẹni tí ara rẹ̀ dì kò yàn án. Òròmọdìẹ tó rí òjìji àṣá, ilẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Kì í ké. Ta ló máa bá òròmọdìẹ wí?

Òfin náà ò bá ọmọ wí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa náà sọ di òfin níbí lọ́dún 2006, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Òfin ọdún 2003 yẹn ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ó sì sọ ọ́ kedere pé kò sí àwíjàre pé ọmọ náà gbà. Ọmọdé kò ní “mo gbà” lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká sọ pé àpò gúgúrú kan ni o jẹ tán lọ́jọ́ náà, kò yí nǹkan kan padà.

Ó kù ọ̀rọ̀ màmá rẹ. Ó ṣòro fún mi láti sọ, nítorí èmi náà ti bo ọmọ kan lẹ́nu rí.

Lọ́dún 1987, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Obìnrin kan mú ọmọ ọdún 8 wá síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ti dẹ́kun títọ̀ sílé tipẹ́, àfi bó tún ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ìyá bọ́ síta díẹ̀. Ọmọ náà ò wo ojú mi. Nígbà yẹn, a máa ń fi pín-ìnnì há aago kékeré mọ́ àyà. Aago yẹn ló tẹjú mọ́. Aago yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń ka àkọ́sórí: ẹni tó jẹ́, ibi tó jẹ́, ìgbà tó máa ń jẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo pe ìyá rẹ̀ wọlé, mo ní kó gbé ọmọ náà jìnnà sí ẹni yẹn, kó sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Kódà, inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà.

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, mò ń ra iṣu ní Kútọ̀ nígbà tí obìnrin kan kí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ ò lo aago yẹn mọ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bá mi gbé iṣu dé ìdí ọkọ̀, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn títí dé Ìtòkò, mi ò lè bá ẹni tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo mọ ohun tó ṣe màmá rẹ. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ̀rù onílé, ẹ̀rù ọkọ, ẹ̀rù ohun tí àwọn ará ilé yóò máa sọ létí kànga. Mi ò gbèjà wọn o. Ẹ̀rù ìyá kọ́ ló yẹ kí ọmọ ọdún 9 máa gbé kiri fún ọdún 25. Wọ́n ní ó ti pẹ́? Àwọn àgbà ló ní ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìwọ lo ti ń kó o láti ìgbà náà wá.

Ní ti ìdáríjì, tìrẹ ni. Kì í ṣe aṣọ ẹbí tí wọ́n lè gé ránṣẹ́ sí ọ ní yáàdì. O lè ṣe é lọ́la, o lè má ṣe é láéláé, Ọlọ́run tó dá ọ mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n máa fi ìdáríjì di ẹnu ẹni tí wọn ò tíì fetí sí rí.

Bí o bá fẹ́ bá màmá rẹ sọ̀rọ̀, má lọ ní ìwọ nìkan, má sì ṣe é nílé ìdáná. Wá ẹnì kan nínú ẹbí tí ọkàn rẹ bà lé, àbúrò bàbá rẹ obìnrin tàbí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ, ẹni tí kì í gbé ọ̀rọ̀ kiri. Jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá jókòó, má ro ẹjọ́ gígùn. Ní: “Màmá, mo sọ fún yín nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9. Ẹ bò mí lẹ́nu. Bí ẹni yẹn bá wà níbi ìrántí bàbá mi, èmi àti ọmọ mi ò ní sí níbẹ̀.” Kí o wá dákẹ́. Wọ́n lè bínú. Wọ́n lè ju ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n ní o fẹ́ pa wọ́n. Bí wọ́n bá bú sẹ́kún, má sáré lọ nu ojú wọn. Jẹ́ kí àbúrò bàbá rẹ ṣe ìyẹn. Ìwọ lo wá gba ìtùnú lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá, yálà lónìí ni ó ṣẹlẹ̀ tàbí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ má wádìí ohun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. O ṣeun tí o sọ fún mi.” Ó lè má tètè bọ́ lẹ́nu yín. Ẹ máa dánrawò níbi tí ẹ bá ti ń ṣa ewédú.

Ọmọ mi, má lọ sí òde yẹn bí ọkùnrin náà bá máa wà níbẹ̀. Ẹbí ló yẹ kó sún fún ọ, kì í ṣe ìwọ. Wọ́n á ní káàdì ìpè ti jáde, pé èèyàn kì í yọ alága. Ní Abẹ́òkúta níbí kọ́! Níwájú ààfin Aké ni àwọn obìnrin ìlú yìí lọ jókòó sí nítorí owó orí, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, wọ́n kọrin, wọn ò dìde, títí Aláké Adémọ́lá fi fi oyè sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ìyá ìyá tèmi wà láàárín wọn. Ó máa ń sọ pé òun ò mọ̀wé ṣùgbọ́n òun mọ ìjókòó. Ọba ni wọ́n ṣe é sí. Ṣé alága òde tiwa ni kò wá ní ṣeé yọ?

Kò sì pọn dandan kí wọ́n kéde ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè sọ fún ọkùnrin náà pé ètò ti yí padà. Yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ti ọkọ rẹ, ìwọ lo mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí o bá rò pé yóò gbọ́, sọ fún un kí ọjọ́ òde tó pé, nítorí yóò rí i pé o ò fẹ́ lọ, á sì máa rò ó sí nǹkan mìíràn. Kò di dandan kí o rojọ́ gbogbo rẹ̀. “Ẹnì kan ṣe mí níbi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni yẹn ni alága wọn” ti tó fún ọjọ́ kan. Sọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe fún ọ àti ohun tí o ò fẹ́. Bí o ò bá fẹ́ kó lọ fi ẹ̀ṣẹ́ bá ẹnikẹ́ni, sọ ọ́ tààrà, torí ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ọkọ nìyẹn, ìwọ lo sì máa padà di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú ẹni tó máa ń sọ òkò ọ̀rọ̀ bí inú bá bí i, kọ́kọ́ bá elétò ìlera sọ̀rọ̀ kí o tó sọ fún un.

Èyí ló gbé mi dé Àró, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti ọkàn ní ìlú wa, níbi tí mo fẹ́ kí o lọ. Mo mọ̀ pé o ti fajú ro. Ní ìlú wa, bí a bá ní ẹnì kan lọ Àró, ohun tí wọ́n máa ń rò ni ọlọ́kàdà tó ń já aṣọ ara rẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Jẹ́ kí n sọ ìtàn ibẹ̀ díẹ̀ fún ọ. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ayé fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni pé kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ ọgbà. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù náà ká ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé, ó sì ní kí mọ̀lẹ́bí kan bá aláìsàn wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá lè wá. Mọ̀lẹ́bí yẹn ni yóò máa dáná fún un, yóò sìn ín lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á sì jọ padà sílé. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń wá wo bó ṣe ń ṣe é. Dókítà fúnra rẹ̀ padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé bí o bá mú ẹnì kan lẹ́yìn lọ sí kíllíníìkì, kì í ṣe àìlera ni. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Àró láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìtọ́jú tí wọ́n máa ń fún irú ẹ, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe ìjẹ́wọ́, wọn ò sì ní fipá mú ọ sọ ohun tí o ò tíì fẹ́ sọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ bí o ṣe lè mú ara balẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa sún mọ́ ìrántí náà díẹ̀díẹ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lè le ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àlá lè pọ̀. Má sá. Bí ọgbẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná fọ̀ ló rí. Àdúrà rẹ náà ń bẹ níbẹ̀, mi ò ní kí o fi í sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni nílé àdúrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀mí tó wà lára rẹ, dìde, gbé báàgì rẹ.

Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti wá, ohun kan wà tí o lè ṣe ní ìsọ̀. Bí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, má tì í bọ aró mọ́. Bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà yẹn. Tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí o di etí ìkòkò mú, kí o máa ka ohun tí o ń rí lójú rẹ sókè díẹ̀: okùn ìsáṣọ, ike ẹ̀kọ, adìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tó ṣì ń dán bí ewé, tí afẹ́fẹ́ kò tíì sọ di búlúù, omi tó ń kán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ ni pé ó rò pé Adátán ló wà. Ò ń fi ojú sọ fún un pé Ìtòkú ló wà, pé o ti dàgbà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá bi ọ́, sọ pé o ń sinmi.

Ọmọ rẹ obìnrin kò ní láti mọ ìtàn yìí ní ọmọ ọdún 9. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ láìfi òwe bò ó, pé ẹni tó bá ní kó fi nǹkan pa mọ́ fún ìyá rẹ̀, òun gan-an ni kó wá fi sun ìyá rẹ̀, àti pé ó lè kúnlẹ̀ kí àgbà láti ọ̀ọ́kán, kò di dandan kó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń dirun, kì í ṣe bí ẹni ń wàásù.

Ó ku ohun kan tí o ò béèrè. Ẹni yẹn ṣì ń rí ọmọdé báyìí. Kì í ṣe ẹrù rẹ láti dá gbogbo ọmọ ìlú sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ohun tí òfin lè ṣe lẹ́yìn ọdún 25, àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIDA máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí. Lílọ béèrè kò túmọ̀ sí pé o ti pe ẹjọ́.

Aṣọ ẹbí yẹn ńkọ́? Aṣọ ni. Bó bá wù ọ́, bọ yáàdì mẹ́jọ yẹn sínú aró, kó di nǹkan mìíràn, kí o tà á.

ÌBÉÈRÈ

Nọ́ọ̀sì, Ọbáńtokò ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lánàá nípa ọkùnrin kan ní àdúgbò. Bàbá rẹ̀ ní ká pe àwọn àgbà àdúgbò, ká yanjú ẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ìyàwó mi ti fẹ́ wẹ ọmọ náà. Kí ni ká ṣe?

Bàbá Àgbà

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìrònú. Mo ti fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, n kò dúró de ìwé ìròyìn. Mo tún un kọ síbí nítorí ẹlòmíràn.

Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù lónìí. Kó má wẹ̀ ná, kí aṣọ tó wọ̀ má di fífọ̀. Ẹ kó o sínú àpò bébà, kì í ṣe inú ọ̀rá, torí inú ọ̀rá ló ti máa ń bu. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Oògùn kan wà tó ń dènà kòkòrò HIV, kò sì wúlò mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní lónìí. Bí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì lọ. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé àti obìnrin. Bí àgọ́ tó sún mọ́ yín bá ń fi nǹkan falẹ̀, Eléwéẹran, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wa, ò jìnnà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà wà ní Òkè-Mọ́sàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni márùn-ún máa bi ọmọ náà léèrè ohun kan náà. Ẹ̀yin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn àgbà àdúgbò bá sì wá bá yín pẹ̀lú ọtí àti obì, ẹ rántí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà tó wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé obì wọn lọ.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá, ọkùnrin ni mí, ọmọ ọdún 41, mò ń tún ọkọ̀ ṣe ní Lafẹ́nwá. Wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ èmi náà nígbà kékeré, obìnrin ló sì ṣe é, ẹni tí wọ́n fi mí tì kí n máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wà lọ́mọ ọdún 11. Mo sọ fún ẹnì kan rí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo tètè jayé. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ó ń ṣe mí bí kí n sọ fún un.

Mẹkáníìkì

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn kò mọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún 11 kì í jayé pẹ̀lú àgbàlagbà. Wọ́n fi ayé jẹ ẹ́ ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2014, nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ló sọ pé wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ àwọn kí àwọn tó pé ọmọ ọdún 18. Ọkùnrin kan nínú mẹ́wàá. Ka iye ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ọgbà yín, kí o pín in. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Aláró lókè yìí, tìrẹ náà ni: o ò jẹ̀bi, ara tó dì kò gbà, kódà ara tó dáhùn kò gbà. Kíllíníìkì ò sọ pé obìnrin nìkan ni kó wá.

Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, sọ fún un. Má sọ ọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Yóò fi ojú kan gbọ́ ọ. Má sì sọ ọ́ níbi tí ẹ óò ti kọjú síra. Jẹ́ kí eré parí, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nílé, kí ẹ jọ máa wo ọ̀nà.